Kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 ní Èkó: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa bí a ṣe bá ara wa gbé

Àwọn ìbéèrè tí ẹ ó kà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kéré nígbà náà, àwọn ẹbí wa tó wà lókè òkun, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ rán níṣẹ́ máa ń bi mí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ṣómólú ni mò ń gbé. Yàrá 14 ló wà nínú rẹ̀, tí ilẹ̀kùn wọn dojú kọ ara wọn. Ilé ìdáná kan ni gbogbo wa ń lò, pẹ̀lú balùwẹ̀ méjì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì àti ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ní àgbàlá. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ayálégbé ilé náà, ìwé tí mo fi ń ṣàkọsílẹ̀ ìpàdé àti owó iná sì wà lọ́wọ́ mi títí di òní. Ohun tí mo bá sọ nípa òfin, bí ìjọba ṣe kéde rẹ̀ ni. Èyí tí mo bá sọ nípa ènìyàn, ilé tiwa ni mò ń sọ, kì í ṣe gbogbo Èkó.

Ọjọ́ wo gan-an ni òfin náà bẹ̀rẹ̀?

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn kòrónà ti wà ní Nàìjíríà. Ọmọ ilẹ̀ Ítálì ni, Èkó ló bà sí kí ó tó lọ sí Ìpínlẹ̀ Ògùn, ilé ìwòsàn àrùn àkóràn tó wà ní Yábàá ni wọ́n sì ti tọ́jú rẹ̀. Ní tòótọ́, a kò kà á sí nígbà náà. Àwọn kan ní àrùn olówó ni, pé ẹni tí kò bá wọ bàálù kò lè kó o. Nígbà tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, tí wọ́n sì ti àwọn ọjà tí kì í ṣe ti oúnjẹ pa ní ọjọ́ 26, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í là. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, Ààrẹ Muhammadu Buhari bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀, ó ní kí Èkó, Ògùn àti Àbújá wọ ilé lọ fún ọjọ́ 14, bẹ̀rẹ̀ láti aago 11 alẹ́ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ni ó tún fi ọjọ́ 14 mìíràn lé e.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, àwọn tó ń ta oúnjẹ, àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná àti ti epo, àwọn ẹ̀ṣọ́ aládàáni, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù àti àwọn oníròyìn tí kò lè ṣiṣẹ́ láti ilé ni òfin náà yọ sílẹ̀.

Ṣé ó ṣeé ṣe kí ènìyàn gbélé ní irú ilé yín yẹn?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá gbọ́ òfin náà yóò rò pé gbogbo ará Èkó ló ní ilé ìdáná tirẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀ àti ilẹ̀kùn tí ó lè tì mọ́ ara rẹ̀. Ní ilé tiwa, ẹni tí ìtọ̀ bá ti gbọ̀n, ó ti jáde nílé nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ bu omi, ó di àgbàlá. Ẹni tó fẹ́ se ẹ̀kọ, ó di ilé ìdáná tí ìgbọ̀nwọ́ ẹnì kan ń kan ìhà ẹnì kejì. Mo kà wá ní ọ̀sẹ̀ yẹn: ènìyàn 51 ni wá, tọmọdé tàgbà. Nítorí náà, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó lè dá pa òfin náà mọ́. Bí àwọn 50 yòókù kò bá fọwọ́ sí i, asán ni ìlẹ̀kùn títì rẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ṣe ìpàdé kan tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Kálukú dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn tirẹ̀, Bàbá Onílé dúró lórí àtẹ̀gùn, èmi sì wà láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé mi. A ya páálí indomie kan, a kọ orúkọ yàrá kọ̀ọ̀kan sí i, a sì pín wákàtí ilé ìdáná: sítóòfù mẹ́ta péré lẹ́ẹ̀kan náà, wákàtí kan àtààbọ̀ fún ìpín kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ní ọmọ ọwọ́ ni yóò kọ́kọ́ lò ó. Ẹni tó bá fẹ́ se ẹ̀wà, kí ó rẹ ẹ́ mọ́jú. Ìlà ẹ̀wà yìí fa àríyànjiyàn ju gbogbo yòókù lọ.

Ti ẹ̀rọ omi le díẹ̀. Àwọn ọmọ fi ṣọ́ọ̀kì yí òbìrí sílẹ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ náà dé ẹnu ọ̀nà àbájáde, kí ẹni kọ̀ọ̀kan dúró sínú tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó di ọ̀sán, omi tó ń dà sílẹ̀ láti ara garawa ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. A tún yí i lọ́jọ́ kejì, ó tún parẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, Bàbá Onílé gbé ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n kun géètì jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì kun òbìrí méje tí ọwọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dúró. Nígbà tí wọ́n parí, ọ̀dà ti dé ìdí ṣòkòtò wọn. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kọjá òbìrí náà mọ́, bóyá nítorí pé a rí bí wọ́n ṣe di ẹ̀yìn mú nígbà tí wọ́n fẹ́ nàró.

Báwo ni ẹ ṣe ń rí oúnjẹ?

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbà kí ọjà oúnjẹ máa ṣí lọ́jọ́ kan, kí ó sì sinmi lọ́jọ́ kejì, láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Bí gbogbo wa bá lọ lẹ́ẹ̀kan náà, èrò inú ọjà á pọ̀ ju èyí tí a ń sá fún lọ. A wá yan ènìyàn méjì, Ìyá Ìbejì àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó lágbára láti gbé ẹrù, pé àwọn ni yóò máa lọ sí Òyìngbò fún gbogbo ilé. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, yàrá kọ̀ọ̀kan á ti bébà tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sí, pẹ̀lú owó rẹ̀, sábẹ́ ilẹ̀kùn Ìyá Ìbejì. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á tẹ́ àpò sílẹ̀ ní àgbàlá, wọ́n á sì máa fi dẹ́rìkà wọn ìrẹsì àti gààrí fún ẹni tó ni ín. Ìyá Ìbejì kì í gún dẹ́rìkà mọ́lẹ̀, wọn kì í sì í gé orí rẹ̀ nù. Bí ó bá ṣe rí lórí ni wọ́n á ṣe dà á fún ẹ. Ẹni tó bá ti ra gààrí lọ́wọ́ alágídí á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹni pé owó wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ṣómólú ni àdúgbò àwọn atẹ̀wé, àwọn tó ń tẹ ìwé ìpè, kàlẹ́ńdà àti ìwé ètò òkú àti ti ìgbéyàwó. Ọjọ́ tí wọ́n fòfin de ayẹyẹ ni iṣẹ́ wọn dúró. Mẹ́ta nínú wọn ń gbé ilé wa. Dẹ́rẹ́bà danfo kan wà nísàlẹ̀, onídìrí méjì wà lókè, ìyá kan sì wà tó ń dín àkàrà ní ìkóríta. Gbogbo wọn ló jẹ́ pé ohun tí wọ́n bá pa lónìí ni wọ́n ń jẹ lónìí. Alájọ àdúgbò wa, kí Ọlọ́run bù kún un, lo gbogbo ọjọ́ Ajé tó ṣáájú aago 11 alẹ́ láti máa kan ilẹ̀kùn, ó ń dá owó oníkálukú padà láì yọ ti ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oṣù kò tíì pé. Owó yẹn ni àwọn kan fi jẹun ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú ènìyàn. Yàrá kan kò lo wákàtí ilé ìdáná rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, èmi tí mo sì ń mójú tó páálí náà rò pé wọ́n kàn ń jẹ búrẹ́dì ni. Ìyá Alákàrà ni ó kọ́kọ́ fura. Wọn kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n kàn ránṣẹ́ pé àwọn ṣèèṣì lọ ẹ̀wà pọ̀ jù, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ bá àwọn jẹ mọ́ínmọ́ín kí ó má baà kan. Lẹ́yìn ìgbà náà ni a gbà pé bí yàrá kan bá fo ìpín ìdáná rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó wà lórí ìlà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ “ṣèèṣì” se nǹkan pọ̀ jù. A kò kọ ìyẹn sí páálí.

Oúnjẹ ìrànwọ́ ìjọba ńkọ́?

Gómìnà Babajide Sanwo-Olu kéde rẹ̀ kí ìsémọ́lé ti Ààrẹ tó bẹ̀rẹ̀, pé ìdílé 200,000 ni wọn yóò kọ́kọ́ fún. Ìrẹsì, gààrí, ẹ̀wà, búrẹ́dì, ata gbígbẹ àti omi wà lára ohun tí wọ́n dárúkọ. Àpò kan ṣoṣo ló dé ojúlé wa, ẹni tó gbé e wá láti àdúgbò sì ní ìdílé kan ni ilé wa nínú ìwé òun. Mo fi ìwé mi hàn án, mo ka yàrá 14 fún un. Ó ní òun kò lè ṣe é ní méjì. Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ náà, mo sì sọ ohun tí kò yẹ kí akọ̀wé sọ.

Nígbà tí a pín in tán, ìrẹsì tó kan yàrá kọ̀ọ̀kan kò kún dẹ́rìkà kan. A gé búrẹ́dì náà fún àwọn ọmọdé nìkan. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, nígbà tí àwọn ènìyàn já ilé ìkẹ́rù kan ní Maza-Maza tí wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ níbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ṣàlàyé pé ẹrù náà jẹ́ ti àjọ CACOVID tí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni dá sílẹ̀, kì í ṣe tiwọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì kan fún ọmọ 19 rí kì í tètè gbọ́ àlàyé.

Ṣé òótọ́ ni pé àwọn aládùúgbò sá fún ara wọn?

Òótọ́ ni, a sì ṣe é ní ilé wa. Nọ́ọ̀sì kan ń gbé yàrá kejìlá, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Tí ọmọ bá ń gbóná lóru, ilẹ̀kùn wọn ni a máa ń kàn. Nígbà tí òfin dé, àwọn nìkan ló ń jáde lárààárọ̀, tí wọ́n sì ń wọlé lálẹ́ pẹ̀lú ìbòmú tí okùn rẹ̀ ti fi àmì sí ẹ̀yìn etí wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnì kan gbé garawa wọn kúrò lórí ìlà omi, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Ní ọjọ́ kejì, ẹnì kan fi ìgbálẹ̀ tì í síwájú, kò fi ọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn atẹ̀wé wá bá mi pé kí n yí wákàtí ilé ìdáná wọn sí aago 11 alẹ́, kí wọ́n máa dáná nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti kúrò.

Mo yí i. Èmi ni mo mú bíírò, èmi ni mo fi ilà pa orúkọ wọn rẹ́ ní aago méje, tí mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pátápátá. Mo sọ fún ara mi pé nítorí àlàáfíà ilé ni. Àǹtí Nọ́ọ̀sì rí i, wọ́n dúró wo páálí náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, “Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́,” wọ́n sì wọlé. Wọn kò dáná ní aago 11 yẹn lẹ́ẹ̀kan. Kí ìsémọ́lé tó parí, wọ́n ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn. Mo pè wọ́n lórí fóònù lẹ́yìn ìgbà náà láti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, ohùn wọn sì fi hàn pé nǹkan wà.

Tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé ìsémọ́lé so gbogbo ará Èkó pọ̀, ẹ bi í léèrè ibi tí nọ́ọ̀sì àdúgbò rẹ̀ sùn.

Báwo ni ẹ ṣe ń kí ara yín?

Èyí kò le. Ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ kò nílò kí ọwọ́ kan ọwọ́, tí ènìyàn bá sì dọ̀bálẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ti jìnnà tó. Àwọn tó ti sọ ọ́ di bíbọ ọwọ́ lásán ni ó ni lára. Àwọn àgbà ilé wa ní ọdún yẹn gba ìdọ̀bálẹ̀ tó pọ̀ ju èyí tí wọ́n ti gbà láti ọdún mẹ́wàá lọ.

Ayẹyẹ, ìsọmọlórúkọ àti òkú ńkọ́?

Ayẹyẹ dúró. Nígbà tí gbajúgbajà òṣèré kan ṣe ọjọ́ ìbí nílé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, ilé ẹjọ́ ní kí ó san 100,000 náírà, kí ó sì ṣe iṣẹ́ ìlú fún ọjọ́ 14. Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ lórí rédíò, ariwo rẹ̀ sì bo ariwo jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀.

A sọ ọmọ kan lórúkọ ní ilé wa ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí i. Bàbá àti ìyá ọmọ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn, pásítọ̀ wà lórí fóònù, àwa yòókù wà lójú fèrèsé àti lórí bákónì. Nígbà tí ó kan oyin àti iyọ̀, kálukú tọ́ èyí tó wà nílé ara rẹ̀ wò. Ẹni tí kò ní oyin la ṣúgà. Tí wọ́n bá dárúkọ kan, a ó pariwo àmín láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọmọ náà sì ń ta gìrì. Kò sí ìrẹsì, kò sí ankara, ṣùgbọ́n n kò rí ìsọmọlórúkọ tí gbogbo ènìyàn ti gbọ́ orúkọ ọmọ ketekete bíi tọjọ́ náà.

Ti òkú ni kò ṣe é tún ṣe. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn onídìrí kú ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀nà láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn sì ti di títì. Wọ́n sin ìyá náà, ọmọ ń wò ó lórí WhatsApp, dátà sì tán nígbà tí wọ́n fẹ́ da yẹ̀pẹ̀. Ìyá Ìbejì ju káàdì lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi padà sórí rẹ̀, wọ́n ti ń fọ ọwọ́. A kò lè wọlé lọ jókòó tì í bí a ti máa ń ṣe. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kálukú lórí àga tirẹ̀, títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, ààwẹ̀ Ramadan sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24. Nínú ilé tí Mùsùlùmí àti Krìstẹ́nì ti jọ ń gbé yìí, sàárà àti oúnjẹ ọdún ń rìn nínú ọ̀rá tí wọ́n so mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Kí ni ìtàn àwọn ọmọ ìta tí a ní wọ́n ń jà lóru?

Ní àárín oṣù Kẹrin, ìròyìn gbòde pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Àwáwà àti àwọn tí wọ́n ń pè ní One Million Boys ń wọ ojúlé dé ojúlé, pàápàá ní Agége, Ìfàkọ̀ àti Alímọ̀ṣọ́. Àwọn kan sọ pé lẹ́tà ni wọ́n ń kọ ṣáájú. N kò rí lẹ́tà kankan, n kò sì pàdé ẹni tó rí i. Ìbẹ̀rù ni mo rí. Àwọn ọkùnrin àdúgbò wa jáde sórí títì, wọ́n dáná sun táyà, wọ́n ń lu irin lu òpó iná láti fi hàn pé àwọn kò sùn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí: àwọn tó ń takété síra wọn lọ́sàn-án ni wọ́n jókòó fara kanra yí iná ká lóru. Èmi náà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá, àmọ́ a mọ orúkọ àwọn tó ń gbé òdìkejì títì fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ṣé ẹ lo àwọn oògùn tí wọ́n ń pín kiri lórí fóònù?

Ata ilẹ̀ àti áyù ni a lò jù, olówó rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n, nítorí iye rẹ̀ lọ sókè. Kò pa wá lára. Ti kulorokúìnì, oògùn ibà, ni ó léwu: ní oṣù Kẹta, lẹ́yìn tí Donald Trump tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà yin oògùn náà, àwọn kan ní Èkó gbé e mì títí ó fi di májèlé sí wọn lára, ìjọba sì ní láti kìlọ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni wọ́n gba ti ọwọ́ Bàbá Onílé, wọ́n sì da á sínú ṣáláńgá. Èyí ṣẹlẹ̀ kí a tó gbé garawa wọn kúrò lórí ìlà.

Kí ni àwọn ọmọdé ń ṣe?

Wọ́n ń pariwo. Ìjọba ń kọ́ wọn níwèé lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n iná kì í sábà sí, bátìrì rédíò sì wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn atẹ̀wé tí kò níṣẹ́ gbé àwọn bébà tó bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá, tí ojú kan ṣì funfun. Ẹ̀yìn ìwé ìpè ìgbéyàwó tí kò wáyé mọ́ ni wọ́n fi kọ́ ìṣirò.

Ìgbà wo ni ó parí?

Díẹ̀díẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin, Ààrẹ kéde pé wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún. Lílo ìbòmú di dandan, kò sì sí ìrìn láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí aago mẹ́fà òwúrọ̀. Ọkọ̀ èrò kò gbọdọ̀ gbé ju ìdá 60 nínú 100 èrò tó yẹ kí ó gbé. Ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ kò ṣí títí di ọjọ́ 1 oṣù Keje, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkó sì di oṣù Kẹjọ. Bàbá Onílé sún owó ilé wa síwájú fún oṣù méjì, fún èyí tí a dúpẹ́. Wọ́n sì fi kún un ní ọdún tó tẹ̀lé e.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 4 yẹn, ìró ẹ́ńjìnnì ló jí mi. Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ni. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí dẹ́rẹ́bà ìsàlẹ̀ nínú danfo rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti tan iná iwájú rẹ̀, ìbòmú aṣọ ankara wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ láì kúrò lójú kan, ó ń retí kí aago mẹ́fà lù. Fèrèsé mìíràn ṣí, òmíràn náà ṣí. Nígbà tí rédíò ẹnì kan nínú ilé kéde aago mẹ́fà, ó fa ìbòmú náà sísàlẹ̀ àgbọ̀n, ó yọ orí síta, ó sì kígbe sí títì tí kò sí ẹnì kankan pé, “Ọ́jọ́tà! Kẹ́tú! Ọ́jọ́tà wọlé o!”